Ọdún Mẹ́ta Tí Bàbá Mi Fi Gbowó Lẹ́yìn Ikú

Ọdún mẹ́ta gbáko ni bàbá mi fi gba owó ìfẹ̀yìntì lẹ́yìn tí a ti sin ín. Èmi ni mo ń lọ gbà á. Ọmọ mi obìnrin ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ohun tó wà nínú ìwé ṣòro yí padà ju ohun tó wà lẹ́nu lọ. Mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n mo ti rí ìwé tó purọ́ ju ẹnu lọ.

Iṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi ṣe. Ó máa ń gún màlúù lábẹ́rẹ́ kí àrùn má baà pa wọ́n. Gbogbo gàá Fúlàní láti Tchaourou dé Goro, dé Tchatchou, ló mọ ìró alùpùpù rẹ̀. Dókítà màlúù ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò kàwé kọjá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé nígbà tiwọn, ìjọba ló ń wá ènìyàn kiri. Ọkùnrin kan wọ kíláàsì wọn lọ́jọ́ kan, ó béèrè àwọn tí ọwọ́ ìkọ̀wé wọn dára, kí oṣù náà tó parí, bàbá mi ti ń wọ kakí.

Ìgbà kan wá tí ìjọba kò rí owó san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Oṣù ń wọlé, oṣù ń jáde, owó kò dé. Bàbá mi kò ṣíwọ́ iṣẹ́. Ó ń lọ sí gàá láràárọ̀, wàgáṣì, wàrà líle tí àwọn Fúlàní bá fi ta á lọ́rẹ, ni ó ń gbé bọ̀, a sì jẹ wàgáṣì lọ́dún yẹn títí òórùn rẹ̀ fi ń rìn mí. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, ìyá mi kó owó ìwé fún àwọn àbúrò mi ọkùnrin. Èmi, aṣọ kan ni ó fi lé mi lọ́wọ́, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ránṣọ nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ pé mi ò lọ sílé-ẹ̀kọ́ mọ́. Mo kàn rí i pé mò ń gé òwú.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí san owó oṣù padà. Èyí tó kù lẹ́yìn, wọ́n san díẹ̀, wọ́n dákẹ́ lórí ìyókù. Bàbá mi tọ́jú àwọn ìwé rẹ̀ sínú báàgì ọ̀rá kan. Tí ìyá mi bá ní kó dá wọn nù, á ní, "Ìjọba kì í kú. Gbèsè rẹ̀ náà kì í kú."

Ó fẹ̀yìn tì, ó ń gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ déédéé. Ọkọ mi kú, èmi àti ọmọ mi padà sílé bàbá mi ní Tchaourou. Àwọn àbúrò mi ti lọ, ọ̀kan ní Cotonou, ọ̀kan ní Nàìjíríà. Owó bàbá mi ni a fi ń jẹun, iṣẹ́ aṣọ mi ni a fi ń ra ọṣẹ. Bí ọmọ mi ṣe ka ìwé títí ó fi gba lisáńsì ní yunifásítì nìyẹn. Iṣẹ́ wo ni ìwé yẹn rí fún un? Ó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lápá Tchatchou, iṣẹ́ ọlọ́dọọdún ni. Oṣù tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wà nìkan ni wọ́n ń san. Tí ọlidé bá dé, owó dúró, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá orúkọ òun á tún jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Bàbá mi kò lóye rẹ̀ rí. Ó máa ń bi í léèrè pé kí ló dé tí kò lọ bá ọ̀gá wọn kí wọ́n fún un níṣẹ́ gidi, bí ẹni pé ọ̀gá náà wà lábẹ́ igi kan tó ń retí rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni bàbá mi kú, ní Goro, lóko àbúrò rẹ̀. Ó lọ kí wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó kí ìrun alááṣárì tán lábẹ́ igi káṣú, ó fẹ̀yìn ti igi, kò dìde mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín. Gbogbo Goro ló mọ̀, gbogbo àdúgbò wa ní Tchaourou ló wá kí wa. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Kì í ṣe ète, mo búra. Ní oko, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kú láìwọ ìwé.

Níparí oṣù yẹn, owó rẹ̀ wọlé sí báńkì. Mo mọ nọ́ńbà káàdì rẹ̀. Mo ní kí n fi ṣe sàráà ogójì ọjọ́ rẹ̀, owó rẹ̀ náà ni, ta ló tún tọ́ sí? Oṣù kejì wọlé. Mo san owó ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, mi ò wá ìdí kankan fún ara mi mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìwé dé. Wọ́n ní kí bàbá mi fara hàn ní mẹ́rì kí wọ́n lè fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ó ṣì wà láàyè. Láìsí ìwé yẹn, owó á dúró.

Mo ti sọ pé bàbá mi ní àbúrò. Bàbá Kékeré ni gbogbo wa ń pè é. Àgbẹ̀ ni, iṣu àti káṣú. Wọ́n jọra débi pé ọmọ kékeré máa ń sáré lọ gun ẹsẹ̀ ẹni tí kì í ṣe bàbá rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ nìkan ni ènìyàn fi ń dá wọn mọ̀, nítorí ti Bàbá Kékeré yi bí èèpo igi. Ìjọba kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ti ń kọ ebè láti kékeré, kò sí ẹni tó máa san owó ìfẹ̀yìntì fún un lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá tẹ̀ mọ́.

Mo bá a lóko, mo ṣàlàyé. Ó ń pọ́n àdá, kò wojú mi.

Ó ní, "Ṣé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa fi pè mí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré.

"Màá sì dáhùn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.

Ó fọwọ́ kan ojú àdá, ó wá ní òun á lọ. Mo ṣèlérí ìpín fún un, mo sì ń fún un. Mi ò rẹ́ ẹ jẹ níbẹ̀.

Mo fún un ní fìlà bàbá mi àti aṣọ rẹ̀ kan. Akọ̀wé tó wà ní mẹ́rì nígbà náà, apá ìsàlẹ̀, lọ́nà Cotonou, ni wọ́n ti gbé e wá, kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ó pe orúkọ bàbá mi. Bàbá Kékeré kò mira. Ó tún un pè, mo fi ìgbọ̀nwọ́ kàn án, ó wá dìde. Akọ̀wé wo fọ́tò, ó wo ojú rẹ̀, ó lu òǹtẹ̀. Ó ní, "Tonton," bí wọ́n ṣe ń fi Faransé pe àgbàlagbà, "Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa." Bàbá Kékeré ṣe àmín. Ó gun zémì, alùpùpù akérò, padà sí Goro.

Lọ́dún kejì, ẹ̀rọ dé. Wọ́n ní kí arúgbó kọ̀ọ̀kan tẹ ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí wọ́n ya fọ́tò tuntun. Ìka bàbá mi kò sí lọ́wọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n máa fi wé e. Mo dúró ti Bàbá Kékeré bó ṣe ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ ni, ìka rẹ̀ ti jẹ, ọmọbìnrin tó di ẹ̀rọ mú ní láti fi omi nù ún lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀rọ tó gbà á. Nígbà tó gbà á, ọmọbìnrin náà fún un ní káàdì tó ní orúkọ bàbá mi, ó ní ó ti parí, tonton ti wà nínú ẹ̀rọ títí láé.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rí nǹkan tí mi ò lè dárúkọ. Fìlà bàbá mi kò kúrò lórí Bàbá Kékeré mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ ìnagijẹ kan pè mí tí bàbá mi nìkan fi ń pè mí nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mi ò gbọ́ láti ọgbọ̀n ọdún. Lọ́jọ́ kan mo lọ kó owó fún un ní Goro, mo bá Fúlàní kan níwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣì í mú fún bàbá mi, ó ń sọ fún un pé màlúù òun kan kò jẹun, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Kékeré gbọ́ ọ tán. Ó bi í bóyá pátákò rẹ̀ ń ro ó, ó ní kó ya á sọ́tọ̀, ó sọ ohun tó máa fi fọ ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá mi gan-an ni, bó ṣe máa ń sọ ọ́.

Nígbà tí Fúlàní náà lọ, mo bi í pé ta ló kọ́ ọ.

Ó ní, "Mi ò mọ̀." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí, bí ẹni pé ó ń wá ẹni tó ni ín.

Mo padà sílé lọ́jọ́ yẹn láìfún un lówó. Mo gbàgbé.

Lọ́dún kẹta, mo lọ bá ààfáà wa kó bá wa ṣe àdúà ọdún fún bàbá mi. Arúgbó ni, ọ̀rẹ́ bàbá mi sì ni. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dópin. Ó bi mí ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé àdúà òkú ni àbí àdúà ẹ̀mí gígùn. Ó ní kí n lọ, kí n padà wá nígbà tí mo bá mọ̀. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé gbogbo àwọn tó ń kí mi lójú ọ̀nà ló mọ̀.

Ọmọ mi náà mọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sọ̀rọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, nínú ọlidé, tí owó rẹ̀ ti dúró, mò ń ránṣọ, rédíò ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìjọba ti yá owó kan níta, pé ọdún pípẹ́ ni wọ́n fún un láti fi san án. Ọmọ mi gbójú sókè, ó ń ka ìka rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n bá san ìyẹn tán, òun á ti di ìyá àgbà. Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Màmá, nínú irú owó yẹn ni wọ́n ti ń san ti Bàbá Àgbà."

Mo bínú. Mo sọ fún un ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: pé ìjọba kan náà ló jẹ bàbá mi lówó, pé owó tí kò dé lọ́dún yẹn ló gba ìwé lọ́wọ́ mi, pé gbogbo ohun tí mò ń gbà yìí kò tó ìdá kan nínú ayé tí mo lè ti ní. Mo ní ẹ̀tọ́ mi ni mò ń gbà.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Òótọ́ ni, màmá. Wọ́n jẹ yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ yín kọ́ ló ń san án. Èmi ni."

Ó dìde, ó lọ fa omi. Mi ò rántí aṣọ tí mò ń rán, mo kàn mọ̀ pé mo rán apá rẹ̀ kan mọ́ ibi tí kò yẹ, mo sì tú u.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìwé ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé, wọ́n ní ẹlòmíràn lè gba ilẹ̀ rẹ̀ lọ́la. Ọmọ Bàbá Kékeré, ọkùnrin tó ń bá a ṣe oko náà, mú un lọ kí wọ́n kọ oko káṣú sórúkọ rẹ̀. Ó fi ìka lé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní bàbá mi ni. Wọ́n yí ojú ẹ̀rọ sí wọn kí wọ́n lè rí i: ojú Bàbá Kékeré nìyí, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé bi í pé ṣé ó dá a lójú pé ó mọ orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé bàbá òun ronú kó tó dáhùn, pé ohun tó ba òun lẹ́rù nìyẹn.

Àwọn méjèèjì wá bá mi. Bàbá Kékeré ti rù, ikọ́ ń dà á láàmú. Kò fi ìbínú sọ̀rọ̀. Ó ní, "Lọ sọ òótọ́ fún wọn. Mo fẹ́ kú lórúkọ mi." Mo gbà. Mo ní kó fún mi ní oṣù méjì péré, ọlidé ni, ọmọ mi kò gbowó, mo fẹ́ san gbèsè aṣọ. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó fọwọ́ dá a dúró. Ó ní ó dára, oṣù méjì.

Kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ.

A sin ín sí Goro, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, èmi àti ọmọ rẹ̀ lọ sí mẹ́rì. Ẹlòmíràn ni akọ̀wé báyìí, ọmọ kékeré tó mọ ẹ̀rọ lò. Mo sọ pé bàbá kan kú ní ilé wa. Kí n tó sọ èwo, ó ti béèrè nọ́ńbà, ọmọ Bàbá Kékeré fi káàdì tó wà lápò bàbá rẹ̀ hàn án, orúkọ bàbá mi jáde. Ó kí wa kú ìrọ́jú, ó ti ń kọ ọ́.

Mo ti ronú sí i láti ìgbà náà. Tí mo bá dákẹ́, gbogbo rẹ̀ ti tán. Bàbá mi á kú lọ́jọ́ yẹn, ìwé rẹ̀ á pé, owó á dúró wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ẹni tó máa bi mí ní nǹkan kan. Bàbá Kékeré nìkan ló máa sọ nù. Kò ní kú láé nínú ìwé, oko rẹ̀ kò ní di ti àwọn ọmọ rẹ̀, torí a kì í jogún ẹni tí kò tíì kú. Ọmọ rẹ̀ ń wò mí. Ojú bàbá mi ni ojú rẹ̀, bí gbogbo wọn ṣe rí.

Mo ní kí akọ̀wé dá bírò rẹ̀ dúró. Mo ní, "Ẹni tí ẹ ń kọ yẹn ti kú láti ọdún mẹ́ta. Èmi ni mo ń gba owó rẹ̀."

Ó wojú mi, ó tilẹ̀kùn.

Mo rò pé wọ́n máa mú mi. Wọ́n pè mí títí, mo lọ sí Parakou lẹ́ẹ̀mẹrin, mo tẹ ìka èmi náà. Níkẹyìn, wọ́n ní kí n dá gbogbo owó náà padà díẹ̀díẹ̀, oṣù dé oṣù. Nítorí ọjọ́ orí mi, wọ́n béèrè ẹni tó máa buwọ́ lùwé pé bí mi ò bá sí mọ́, òun á san èyí tó kù. Mo ní kò sí. Mi ò fẹ́ kó wà. Mo ti fẹ́ padà sílé nígbà tí ọmọ mi fa àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti gba àyè níbi iṣẹ́ láìsọ fún mi. Ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń ka iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé. Ó béèrè bírò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rọra yọ ọ́, ó buwọ́ lù ú.

Nígbà tí a jáde, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ra iṣu díndín lójú títì, ó bù ú fún mi, a jẹ ẹ́ ní ìdúró. Ó ní kí n má ṣe sọ ohunkóhun, pé kì í ṣe nítorí mi nìkan ni òun fi ṣe é, pé ìbátan wa ní Goro, ọmọ Bàbá Kékeré, náà ní ọmọ, òun kò sì fẹ́ kí gbèsè yìí dé ọrùn wọn. Ó gun mọ́tò Tchatchou, nítorí ó ní kíláàsì ní ọ̀sán.

Mò ń san án. Oṣù tí aṣọ bá pọ̀, mò ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé bàbá mi ti tún ṣe, ọjọ́ tó kú gan-an ló wà níbẹ̀ báyìí. Ti Bàbá Kékeré ló ṣòro. Ilé ẹjọ́ ní láti kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i pé ó gbé ayé rí, kí wọ́n tó lè kọ pé ó kú. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn arúgbó tó lè jẹ́rìí ń tán lọ, a ti sin méjì nínú wọn láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Títí di òní, nínú ìwé wọn, Bàbá Kékeré kò tíì kú. Nígbà mìíràn tí mo bá jókòó sídìí maṣíìnì mi lọ́sàn-án gangan, tí àdúgbò pa rọ́rọ́, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń retí kí n pè é. Mo mọ orúkọ méjèèjì. Èwo ni kí n pè?